Ẹ Má Pe Osunlade Lólè

 Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí gbẹ̀yìn. Ẹ fi orí jì mí. Ọ̀rọ̀ kan ni ó há mi lọ́fun láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò ṣeé gbé mì, kò sì ṣeé tu dànù.

Ní ìpàdé kékeré tí àwa olùfẹ́ èdè máa ń ṣe, mo gbé àwo orin Osunlade kan sí i kí àwọn ará lè gbọ́. Orin náà kò tíì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí ẹ̀gbọ́n kan fi na ọwọ́ pé kí n pa á. Ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ni ẹ̀gbọ́n yìí, ó gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀, òun ni a sì máa ń wojú rẹ̀ bí òwe bá ta kókó. Ó ní, "Olè ni ọkùnrin yìí. Ó kó ìlù wa, ó kó òrìṣà wa, ó kó orúkọ ìran wa, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó sì ń tà á. Àmúlùmálà lásán ni!" Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. N kò fèsì lọ́jọ́ náà, nítorí pé àgbà ni, ojú agbo kọ́ sì ni a ti ń já àgbà nírọ́. Ṣùgbọ́n pàtẹ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé gẹ́gẹ́ bí òtítọ́, a ti pàdánù ohun kan tí a kò tíì mọ iye rẹ̀. Nítorí náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ṣi ẹjọ́ dá.

Ta ni Osunlade? Ìlú Saint Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1969. Kì í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́, kì í sì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọmọ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni, àwọn tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú kọjá òkun, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò sì lè sọ agboolé tí wọ́n ti wá mọ́. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ó ṣe orin fún Sesame Street, ètò tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé, ó sì bá gbajúmọ̀ olórin bí Patti LaBelle ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ti ẹni tí ń jókòó sí sítúdíò, tí ń to ohùn, dùùrù àti ìlù lé ara wọn títí tí yóò fi di orin. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má ya ẹnu kọrin rárá, ṣùgbọ́n òun ni alásè, òun ni ó mọ ìgbà tí iyọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni ó kẹ̀yìn sí ọjà àwọn ilé-iṣẹ́ orin ńláńlá, tí ó sì dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1999. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní Yoruba Records. Ẹlẹ́sìn Ifá ni, a sì mọ̀ ọ́n sí àlùfáà nínú ẹ̀sìn náà. Ọ̀nà kejì ni Ifá fi wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, kì í ṣe bí ẹni tí ó ra aṣọ àǹkárá wọ̀ sí òde.

Orin tí ó ń ṣe ni wọ́n ń pè ní house. Ìlú Chicago ni orin yìí ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ara orúkọ ilé ijó kan tí ń jẹ́ Warehouse, níbi tí Frankie Knuckles ti ń to àwo fún àwọn oníjó, ni orúkọ orin náà ti wá. Ẹ̀rọ ni ó ń lu ìlù rẹ̀: gbì, gbì, gbì, gbì, bí ọgọ́fà ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, láìsinmi. Lórí ìlù yìí ni Osunlade ń kó jazz lé, ó ń kó soul lé, ó ń kó ìlù àti orin àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà ní Cuba lé e. Àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Paradigm jáde ní 2001 láti ọ̀dọ̀ Soul Jazz Records ní Lọ́ńdọ̀nù. Pyrography sì jáde ní 2011 láti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá Envision, pàápàá èyí tí àwọn Âme láti Jámánì tún tò.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ọ̀rọ̀ "olè" yìí wò. Ohun tí olè kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé yóò pa àmì onílé rẹ́ lára ẹrù. Babatúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, gbé àwo Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960. Ní 1964, olórin ará Faransé kan, Serge Gainsbourg, gbé àwo tirẹ̀ jáde tí ó pè ní Gainsbourg Percussions. Mẹ́ta nínú àwọn orin inú rẹ̀ ni ó gbé ka orí orin Ọlátúnjí, kò sì dárúkọ baba sára àwo náà. Ìyẹn ni èmi mọ̀ sí olè, bí ẹ bá ń wá olè.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé orin kan ṣoṣo nínú Drums of Passion, kí ẹ wo ibi tí ó rìn dé. Jin-Go-Lo-Ba ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ara àwo. Carlos Santana kọ ọ́ ní 1969, gìtá ni ó gbé e lé. Cándido Camero, onílù ará Cuba, sọ ọ́ di disco ní 1979, disco náà ni ó sì bí house. Fatboy Slim, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin ijó, tún gbé e jáde ní 2004. Nígbà tí ìlù ọmọ Àjídò ti wọ ilé ijó disco, Osunlade kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Kì í ṣe òun ni ó gbé ìlù wa wọ inú ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ ni ó ti bá a. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni pé ó kọ orúkọ onílé gàdàgbà sára gbogbo àwo tí ó ń gbé jáde. Olè wo ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀?

(Lọ́nà kan náà, Jerome Sydenham, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, dá ilé-iṣẹ́ àwo kan sílẹ̀ ní New York ní àwọn ọdún 1990, ó sì sọ ọ́ ní Ibadan Records. N kò tíì gbọ́ pé ọmọ Ìbàdàn kankan lọ bá a ṣe ẹjọ́.)

Wọ́n tún ní ariwo ẹ̀rọ náà kì í ṣe ìlù. Gbì-gbì-gbì lásán, wọ́n ní kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbo dùndún, ẹ dá mi lóhùn: kí ni gúdúgúdú ń sọ? Gúdúgúdú kì í pe oríkì ẹnikẹ́ni. Kò mọ orúkọ ọba, kò sì mọ ẹni tí ó ń náwó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó di ìlù mú síbi kan, kí ìyáàlù lè rí ilẹ̀ tẹ̀ tí yóò fi máa sọ tirẹ̀. Bí gúdúgúdú bá ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, agbo yóò dàrú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ house dáadáa, ohun tí mo gbọ́ nìyẹn: wọ́n ti fún ẹ̀rọ ní iṣẹ́ gúdúgúdú. Ẹni tí ó bá ń wá oríkì lẹ́nu gúdúgúdú, tí kò sì bá a níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó ní ìlù kò dára. Kí ó gbọ́ ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Nínú iṣẹ́ Osunlade, ohun tí ó wà lórí rẹ̀ pọ̀: ohùn ènìyàn, dùùrù, ìlù tí a fi ọwọ́ lù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lò, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe orin nílé báyìí kò mọ̀.

Nísinsìnyí, àmúlùmálà. Àwa olùkọ́ ni a sọ ọ̀rọ̀ yìí di èébú. A fi ń bá ọmọ tí ó bá ní "mo fẹ́ go sí market" wí, ìbáwí náà sì tọ́, nítorí pé a ní "lọ", a sì ní "ọjà". Ọmọ náà ju ohun tí ó ní nù kí ó tó mú ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Túndé King àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, kí ni wọ́n jù nù kí wọ́n tó mú okùn òyìnbó tí a ń ta? Nígbà tí I. K. Dáíró mú akọ́díọ̀nù wọ jùjú, ṣé ó gbàgbé gángan sílé ni? Ọba Gẹ̀ẹ́sì ló fún un ní oyè MBE ní 1963, ẹ ní? Rárá o, ọbabìnrin ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ó kọrin bí òyìnbó ni wọ́n fi fún un. King Sunny Adé mú gìtá onírin àwọn darandaran Amẹ́ríkà wọ jùjú, synthesizer sì wà nínú Juju Music tí Island Records gbé jáde ní 1982. Ta ni ó sọ pé kì í ṣe orin Yorùbá? Síkírù Àyìndé Barrister fúnra rẹ̀ sọ pé orí òkè kan ní Japan ni òun ti mú orúkọ fújì, láti ara àwòrán tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú. Láti inú wéré tí a fi ń jí àwọn ènìyàn sí sààrì ni ó ti fà á jáde. Wàsíù Àyìndé sì tún kó dùùrù àti fèrè lé e.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí: olólùfẹ́ Barrister paraku ni ẹ̀gbọ́n mi tí ó ní kí n pa orin Osunlade. Àwo rẹ̀ kún ilé wọn.

Ti pé ó dá dúró fúnra rẹ̀ náà, tí àwọn kan fi ń sọ pé oníṣòwò lásán ni, n kò mọ ìgbà tí ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀ láàárín wa. Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá ọba àpàlà àti I. K. Dáíró pawọ́ pọ̀ dá STAR Records sílẹ̀ kí èrè iṣẹ́ wọn má baà máa wọ àpò ẹlòmíràn. Sunny Adé náà kúrò lábẹ́ ẹni tí ó ń gbé orin rẹ̀ jáde ní àárín àwọn ọdún 1970, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn bàbá wa là ni ọmọ Saint Louis yìí ń tọ̀, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Mo ti gbèjà rẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí bàtà ti ń ta èmi náà lẹ́sẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ kan wà tí ó yẹ kí a rò, ẹjọ́ náà kì í sì í ṣe ti olè.

Ẹ wo orúkọ náà: Osunlade. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì lábẹ́ lẹ́tà. Báwo ni kí n pè é? Bí ó bá jẹ́ Ọ̀ṣunladé, a jẹ́ pé Ọ̀ṣun ni adé. Bí ó bá jẹ́ Ọ̀ṣunládé, a jẹ́ pé Ọ̀ṣun ní adé. Ohùn àárín kan àti ohùn òkè kan ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, ìtumọ̀ sì ti kúrò níbi kan bọ́ sí ibòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ń jẹ́ Cantos a Ochun et Oya. Ẹ rín díẹ̀: èdè Sípéènì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èdè Faransé ni ó so ó pọ̀, òrìṣà wa méjì sì jókòó sáàárín. Ṣùgbọ́n ẹ wo Oya yẹn. Ọya, pẹ̀lú ohùn àárín méjì, ni ìyàwó Ṣàngó, ìjì tí ń fa igi tu. Ọ̀yà, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ méjì, ni ẹran tí wọ́n ń so mọ́ igi tà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Lórí bébà tí kò ní àmì, ẹni tí ó ń kọrin yin òrìṣà àti ẹni tí ó ń kọrin pe ọbẹ̀ kò yàtọ̀ síra.

Ẹ̀bi ta ni? Kì í ṣe tirẹ̀. Irú orin òrìṣà tí ó dé ọwọ́ rẹ̀ yìí gba Cuba kọjá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ wa ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa rẹpẹtẹ lọ sí oko ìrèké ní Cuba. Àwọn ọmọ wọn sọ èdè Sípéènì dàgbà, èdè tí kò ní ohùn bí tiwa, tí kò sì ní ṣ. Ìdí nìyẹn tí Ṣàngó fi di Changó níbẹ̀ tí Ọ̀ṣun sì di Ochún. Síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí orin náà kú. Wọ́n pa bàtá mọ́, ìlù mẹ́ta, tí àgbà inú rẹ̀ ṣì ń jẹ́ iyá títí di òní. Láti ẹnu dé etí ni wọ́n ti ń gbé àwọn orin náà kalẹ̀ fún ara wọn, nígbà mìíràn láìmọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, bí ẹni tí ó ń gbé àpótí baba rẹ̀ kiri tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tí ó jókòó sílé.

Àwa ni ẹ̀gbọ́n yẹn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa. Kí ni a ń fi ṣe? Bébà ìpolówó sinimá Yorùbá tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ní Ìbàdàn kò ní àmì ohùn. Ara àwo fújì kò ní in. A ti fẹnu kò sí àkọtọ́ láti 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ti kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá láti 1965. Nígbà kan a máa ń wí àwíjàre pé kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ̀ àti ọ̀. Àwíjàre ti tán. Fóònù inú àpò ọmọ ilé-ìwé mọ̀ ọ́n báyìí. Bí onílé kò bá kọ orúkọ Ọya dáadáa, pẹ̀lú ojú wo ni yóò fi bá ọmọ tí wọ́n tà lọ sí òkè òkun wí?

Ohun tí ó dùn mí jù nínú pàtẹ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn nìyí. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan àti èmi jókòó ti orin Ọya kan tí àwọn ará Cuba kọ. A gbé e sí i lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọ̀rọ̀ tí ó dá wa lójú kò tó márùn-ún. Ìyókù bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà, tí a sì tẹ́tí sí ibi tí orin ń gbà gòkè àti ibi tí ó ń gbà sọ̀kalẹ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ kan yọjú bí ẹni tí ó ti ìdí àrọko yọ orí, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì pariwo. Orin ti pa ohùn tí ẹnu ti gbàgbé mọ́! Ó lè jẹ́ pé a ṣì í gbọ́. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá jù wá lọ ni yóò sọ. Lázaro Ros, tí ó mọ àwọn orin yìí bí ẹni mọ ilé baba rẹ̀, kú ní Havana ní 2005. Irú wọn kò pọ̀ mọ́, ọjọ́ sì ń lọ. Bí ọmọ ogún ọdún kan tí ó mọ ohùn Yorùbá bá gbọ́ orin òrìṣà nínú àwo house, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ó ti wá, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá ti kọ́ ọ pé olè ni ẹni tí ó ṣe àwo náà, yóò pa á ní ìṣẹ́jú kẹta, gẹ́gẹ́ bí a ti pa á lọ́jọ́ ìpàdé.

Àwọn ọmọ ìgboro Èkó tí ń fi kọ̀ǹpútà to ìlù kíákíá, tí wọ́n ń fi ohùn ìyá ọlọ́jà àti ti kọ́ńdọ́ áàsì ṣe orin ijó, àwọn náà ti gba èébú tiwọn lẹ́nu àwọn tí ń bú Osunlade. Ọ̀rọ̀ wọn tó ohun tí èèyàn ń dá kọ. N ó padà sí i lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka ibí yìí bí ẹ kò tilẹ̀ ń sọ. Mo ń bọ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀ pẹ̀lú àwo Cuba náà, bébà funfun méjì àti lẹ́ẹ̀dì tí mo ti gbẹ́ lẹ́nu. N kò ní gbé ti Osunlade sí i títí ẹ ó fi ní kí n gbé e. Ìlà kẹta orin Ọya yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá wa gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní "ẹ̀fúùfù" ni wọ́n ń pè níbẹ̀. Èmi kò gbà.